Ṣòkòtò Mi Nílé Àwọn Ará Sípéènì

Ọjọ́ yẹn ò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé, àmọ́ ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ fẹjọ́ ṣòkòtò mi sùn. Ó fún pinpin. Mo rà á ní ọjà Sharpstown torí pé bàbá Fọlákẹ́, ọmọge tí mo fẹ́ fẹ́, dé sí Houston láti Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wa sì kù sọ́wọ́ wọn. Nígbà tí mo lọ gbé wọn láàárọ̀, ọwọ́ lásán ni mo fi kanlẹ̀.

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Ṣòkòtò yìí ò jẹ́ n lè dọ̀bálẹ̀."

Wọ́n ní, "Ó dáa." Ó dáa yẹn tutù ju omi fìríìjì lọ.

Mo wá ní kí n fi ìrìn-àjò tù wọ́n lójú. Mo fi mọ́tò gbé àwọn àti Fọlákẹ́ lọ sí ilé àtijọ́ kan tí àwọn ará Sípéènì kọ́ nígbà tí wọ́n ń ṣàkóso Texas. Títí a fi kúrò lórí freeway, òpópónà márosẹ̀ wọn, èmi tí mo fi college sílẹ̀ láàbọ̀ ni mò ń kọ́ bàbá Fọlákẹ́, hẹdimásítà tó ti fẹ̀yìn tì, ní ìtàn. 

Bá a ṣe wọlé, ẹnu mi pa dé. Ògiri nípọn bíi ti ilé bàbá bàbá mi, inú ẹ̀ tutù rinrin láìsí ẹ̀rọ amúlétutù. Igi àjà ti dúdú fún èéfín. Obìnrin kan kúnlẹ̀, ó ń lọ àgbàdo lórí ọlọ, ọlọ òkúta gidi, ní Amẹ́ríkà. Omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Nínú yàrá kejì, bàbá arúgbó kan jókòó sórí àga ńlá, ó wọ aṣọ àrán, irùngbọ̀n ẹ̀ funfun báláú. Ó wò mí, ó rọra mi orí.

Onílé rèé, mo sọ lọ́kàn mi. Kí n tó mọ̀, mo ti nà gbalaja sílẹ̀. Nǹkan ya fàà lẹ́yìn mi, gbogbo òtútù ilé yẹn sì wá kí mi níbẹ̀.

Bàbá arúgbó dìde. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé kò sí wàhálà? Iṣẹ́ ni mo wá ṣe níbí o. Ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ilé mi ni mò ń lọ."

Ìgbà yẹn ló yé mi pé ẹni tó nilé ti kú láti ayébáyé. Wọ́n kàn ń wọ aṣọ bíi tiẹ̀ fún òṣìṣẹ́ kan nítorí àwọn àlejò ni. Fọlákẹ́ fọwọ́ bojú. Mo mọ̀ pé ìyàwó ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Títí dòní, mi ò kì í ra ṣòkòtò láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ nínú ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn òyìnbó á máa wò mí, èmi náà á máa fi ara mi rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, mi ò tiẹ̀ dìde. Mo fi àyà yí padà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ síbi tí bàbá Fọlákẹ́ dúró sí. Ọ̀sán ti pọ́n. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà."

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n wo ibi tó ya. Wọ́n bọ́ kóòtù wọn, wọ́n dà á bò mí.

Wọ́n ní, "Fọlákẹ́, wá abẹ́rẹ́ àti òwú fún ọkọ rẹ."