Ojú Tó Wà Nínú Fáìlì

Lọ́dún 1996, ní ọ́fíìsì kan ní Òkè-Fíà, Òṣogbo, àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì wá fojú hàn pé àwọn ṣì wà láàyè. Ẹni tí wọn ò bá dá ojú rẹ̀ mọ̀, òkú ni lójú ìwé, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì tán nìyẹn. Tóyọ̀sí ló jókòó sídìí tábìlì, ó fi ìpara bóra, ojú rẹ̀ pupa fòò, ó gbé káàdì ọ́fíìsì tó ní orúkọ àti fọ́tò rẹ̀ kọ́ àyà. Bàbá Nehemiah Ọmọ́tọ́ṣọ́ ará Iléṣà, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, tó ṣiṣẹ́ rélùwéè rí, ló dúró níwájú rẹ̀.

TÓYỌ̀SÍ: (Ó wo fọ́tò inú fáìlì, ó wo bàbá.) Bọ̀ọ̀dá, bàbá yín dà?

BÀBÁ: Bàbá mi kẹ̀? Ó ti kú láti ìgbà ogun Hítílà.

TÓYỌ̀SÍ: Ẹ̀ẹ́n-ẹ̀n! Ó ti kú, ẹ wá fẹ́ máa gba owó rẹ̀! Olè ọ̀sán gangan!

BÀBÁ: Olè? Èmi ni Nehemiah, ìwọ ọmọ yìí! Èmi ni mo ya fọ́tò yẹn.

TÓYỌ̀SÍ: Èyí tó gbẹ bíi pańla yìí? Ojú hunjọ, ara rí eérú-eérú. Tiyín ń dán!

BÀBÁ: Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì ni. Páálí sìgá kan lójúmọ́, gàrí gbígbẹ, oòrùn lórí. Nọ́ọ̀sì kan ní Iléṣà ló já sìgá gbà lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n máa jẹ ọsàn, ìbẹ́pẹ, tòmátì àti ẹ̀fọ́, kí n sì máa dé fìlà nínú oòrùn. Ọdún méjìlá rèé.

TÓYỌ̀SÍ: (Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn.) Ìbẹ́pẹ tí ẹyẹ ń jẹ! Ará oko! (Ó fa ike ìpara yọ lábẹ́ tábìlì.) Ẹ gbọ́ ańtí-ọ́síídáǹtì rí? Oòrùn àti èéfín ń mú awọ ara dípẹtà bí irin. Òun ni kì í jẹ́ kó dípẹtà. Wọ́n kọ ọ́ síbí! Inú ọsàn ni wọ́n ti ń mú un.

BÀBÁ: Nínú ọsàn?

TÓYỌ̀SÍ: Nínú ọsàn!

BÀBÁ: Ọsàn yìí náà tí mo ń jẹ?

TÓYỌ̀SÍ: (Ó yára ti ike náà padà sábẹ́ tábìlì.) Ti inú ike ni ti ọ̀làjú.

BÀBÁ: Ọ̀làjú, àbí àwíjàre? Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi bá ìpẹtà jà ní rélùwéè. Ẹni tó bá kun ọ̀dà lé ìpẹtà lórí, abẹ́ ọ̀dà níbẹ̀ ni yóò ti jẹ irin náà tán. Ojú rẹ pupa, etí dúdú, oríkèé ìka dúdú. Ṣé ọsàn ló ṣe ìyẹn? Nǹkan mìíràn wà nínú ike yẹn tí wọn ò kọ síbẹ̀!

TÓYỌ̀SÍ: Ó ń bú mi! Ìwọ ọmọkùnrin yìí, jáde! (Ó mú bírò.) Mò ń kọ ọ́ pé Nehemiah ti kú.

BÀBÁ: Háà! Ẹni tá a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu! Ìjẹ̀ṣà ni mí o. Òṣòó ni mo máa ló síbí títí wàá fi kọ ọ́ pé mo wà láàyè!

(Ó ká ṣòkòtò sókè, ó lóṣòó. Orúnkún kankan ò dún.)

TÓYỌ̀SÍ: Mo wí i! Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin wo ló ń lóṣòó láìdi nǹkan kan mú? Ọmọ rẹ̀ ni! Ojú tí ò bá ti bá fọ́tò mu, ẹni náà kọ́ nìyẹn. Òfin ni!

BÀBÁ: Òfin?

TÓYỌ̀SÍ: Òfin! Kò yọ ẹnì kan sílẹ̀.

(Bàbá dìde, ó ki awò bọjú, ó tẹjú mọ́ káàdì tó wà láyà Tóyọ̀sí.)

BÀBÁ: Adúmáadán ọmọ rèé! Ta ni?

TÓYỌ̀SÍ: Èmi ni!

BÀBÁ: Irọ́ ni! (Ó kó ìwé rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ó tún lóṣòó.) Dìde lórí àga ẹni ẹlẹ́ni. Lọ pe Tóyọ̀sí wá fún mi, bí o ò bá tíì kọ òun náà pé ó ti kú.