Ìpìlẹ̀ Tó Gun Àtẹ̀gùn

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, aránṣọ kan ló pè é, àbúrò rẹ̀ ló sì pè lẹ́jọ́. Onígbàjámọ̀ ni àbúrò yìí láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Àbámẹ́ta. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, ó di Àpọ́sítélì. Ẹ̀wù funfun gígùn ló wọ̀ wá, ó di àmùrè, ó sì ti ń to àdúrà tó máa gbà fún Kábíyèsí jọ lọ́kàn, nígbà tí wọ́n bá dá a láre tán.

"Ìyá, kí ló ṣẹlẹ̀?" Kábíyèsí bi aránṣọ.

"Kábíyèsí, ó gba àga mi."

"Àga wo?"

"Èyí tí mo fi ń ránṣọ. Òun nìkan ló ní ìfẹ̀yìntì nílé mi, ẹ̀yìn sì ń dùn mí. Yàrá ìránṣọ mi ni ìjọ wa ti ń jọ́sìn. Lọ́jọ́ kan mo tọjà dé, mo bá àga mi lórí pèpéle. Àtẹ̀gùn mẹ́ta! Àbúrò mi jókòó sórí ẹ̀, ó ní àga àpọ́sítélì ni. Orí àpótí ni mo ti ń ránṣọ látìgbà náà."

"Ṣé ó tán?"

"Ó kù. Ó ní kí n máa pe òun ní Bàbá, kí n sì máa sọ 'ẹ' sí òun. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n títí ó fi ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́rin, nítorí pé ó ń ṣọ̀lẹ àtirìn!"

Ààfin bú sẹ́rìn-ín. Àpọ́sítélì tún àmùrè rẹ̀ dì. Kò mọ̀ pé wọ́n máa mú ọ̀rọ̀ ìpọ̀n wọ inú ẹjọ́.

"Ìwọ ńkọ́? Kí lo rí sọ?"

"Kábíyèsí, ọ̀rọ̀ yìí ju àga lọ. Ìpìlẹ̀ ìjọ ni àpọ́sítélì. Bí ìpìlẹ̀ ò bá ríbi jókòó, ṣé ìjọ ò ní wó? Torí kí ilé má baà wó lé ẹ̀gbọ́n mi lórí ni mo ṣe jókòó."

"Ẹ gbọ́ o! Torí mi ni!" aránṣọ ké.

"Ta ló fi ọ́ jẹ àpọ́sítélì?" Kábíyèsí bi onígbàjámọ̀.

"Ohùn kan ni, Kábíyèsí. Mo ń fárí fún oníbàárà kan lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ọ: 'Dìde, àpọ́sítélì!'"

"Ṣé ìjókòó lo ti ń fárí ni?"

"Rárá, Kábíyèsí. Ìdúró ni mo wà. Oníbàárà mi ló jókòó."

Olóyè kan wúkọ́. "Ó lè jẹ́ pé oníbàárà yẹn ni ohùn náà ń bá wí."

Àìmọye ìgbà ni Àpọ́sítélì ti sọ ìtàn yìí. Irú èyí ò sọ sí i lọ́kàn rí. Ó gbìyànjú láti rántí ẹni tó ń fárí fún lọ́jọ́ náà, kò rántí.

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Akọ̀wé ìjọ ló kọ́kọ́ dìde.

"Kábíyèsí, Àpọ́sítélì ló dá ìjọ wa sílẹ̀. Ó ṣojú mi."

"Ìgbà wo lo dé ìjọ yín?"

"Ọdún tó kọjá."

"Ìjọ ò tíì sí lọ́dún tó kọjá?"

"Ó wà, Kábíyèsí. Inú ìwé àkọsílẹ̀ ni mo ti rí i."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni. Àpọ́sítélì ló ń pè é fún mi."

Káfíńtà kan nínú ìjọ náà dìde, ó ní irọ́ ni. "Ìyá yìí ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Àwa mẹ́rin là ń gbàdúrà láàárín ẹ̀rọ ìránṣọ. A tó ogún kí onígbàjámọ̀ tó dé, òjò ló sì ń sá fún."

"Ṣé ìwọ kọ́ lo kan pèpéle ni?"

"Èmi ni, Kábíyèsí. Ó tún ní kí n kọ ÌPÌLẸ̀ sí i lára."

"Ìpìlẹ̀? Lókè àtẹ̀gùn?"

"Mo bi í. Ó ní àṣírí ẹ̀mí ni."

Olóyè tó jẹ́ bíríkìlà tẹ́lẹ̀ ò lè gba ìyẹn mọ́ra. "Kábíyèsí, ogójì ọdún ni mo fi kọ́lé, mi ò rí ìpìlẹ̀ tó gun àtẹ̀gùn rí! Ilẹ̀ là ń gbẹ́ fún un. Tí a bá tò ó tán, a ó da yẹ̀pẹ̀ bò ó."

Kábíyèsí wo Àpọ́sítélì látorí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń wọn aṣọ. "Báwo ni kòtò náà ṣe ń jìn tó?"

"Ó máa ń tó ìbàdí. Ti ẹni tó sanra báyìí lè jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Kábíyèsí, àkàwé ni!" Òógùn ti bo Àpọ́sítélì. "Àkàwé lásán ni!"

"Àga ìyá yìí ńkọ́? Àkàwé ni?"

"Àga... àga ni, Kábíyèsí."

Aránṣọ ló gbà á sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbẹ́ nǹkan kan. Àbúrò mi kan ṣoṣo ni. Àwọn àpọ́sítélì tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ti ṣe tiwọn tán. Wọ́n nà wọ́n, wọ́n tì wọ́n mọ́lé, wọn ò sì gba àga ẹnikẹ́ni. Èyí ò tíì gba ìgbátí kan torí ìjọ rí."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Àpọ́sítélì lára ju ti kòtò lọ. Ó rántí bó ṣe máa ń dúró níwájú dígí ní ṣọ́ọ̀bù, tí á máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀lẹ̀ gun àtẹ̀gùn mẹ́ta. Ká ní ẹlòmíràn ló ṣe irú ẹ̀ ni, oṣù kan gbáko ni òun ìbá fi máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Akọ̀wé," Kábíyèsí ní, "kí ni ìtumọ̀ àpọ́sítélì?"

"Ẹni tí a rán níṣẹ́ ni, Kábíyèsí."

"Ẹjọ́ parí. Kí àga padà sọ́dọ̀ ìyá lónìí. Ní ti oyè, mi ò gbà á lọ́wọ́ rẹ. Àpọ́sítélì ni ọ́ títí láé. Nítorí náà, gbogbo ọmọ ìjọ yẹn, lọ́mọdé lágbà, lè rán ọ níṣẹ́ nígbàkúùgbà. O ò gbọdọ̀ sọ pé ó rẹ̀ ọ́. Ọjọ́ tí wọn ò bá rí nǹkan rán ọ, kí o wá síbí, èmi á rán ọ. Tí mo bá sì tún gbọ́ pé o gun àtẹ̀gùn, bíríkìlà mọ ilé rẹ."

Wọn ò tíì jáde tán tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi rán an. Obìnrin tó ń bá a gán bọ́tìnnì ti wà lórí ìdùbúlẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́jọ, kò sì sí aṣojú ìjọ kan tó yọjú sí i.

"Lọ wò ó. Kí o bá a fọ abọ́ tó wà nílẹ̀."

"Ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó bọ́ ẹ̀wù funfun, ó ká a, ó fi lé akọ̀wé lọ́wọ́. Lójú ọ̀nà, ẹ̀rín ara rẹ̀ gbé e, àfi bó ṣe di ògiri mú. Nígbà tó kanlẹ̀kùn, obìnrin náà rọra wọ́ ara rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Bó ṣe rí i, ó káwọ́ lérí.

"Yéè! Àpọ́sítélì fúnra wọn! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, mà," ó ní. "Wọ́n rán mi ni. Ibo ni abọ́ wà?"