Àṣẹ Ààfin: Áísìkiriìmù Kì Í Ṣe Oúnjẹ

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Tọmọdé tàgbà Òkè-Àgbọn, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹnu mi kọ́, ẹnu ààfin ni.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ọba kì í jẹun ní gbangba. Èèwọ̀ ni. Ọba tó bá dán an wò, adé á bọ́ lórí ẹ̀. Ó wá di àná, àwọn olófòófó kan rí Kábíyèsí lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù Màmá Ọláwànlé. Ife gíga kan wà níwájú wọn: áísìkiriìmù tó gorí ara wọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀, ẹ̀pà lókè, ṣokoléètì ń ṣàn kálẹ̀. Ṣíbí wà lẹ́nu Kábíyèsí. Èmi náà rí i, kí n má purọ́.

Àwọn ìjòyè fi gbogbo ọjọ́ jókòó. Wọ́n ní bí ọba kì í bá jẹun ní gbangba, a jẹ́ pé ohun tí wọ́n jẹ yẹn kì í ṣe oúnjẹ. Nítorí náà, àṣẹ dé.

Èkínní. Láti òní lọ, áísìkiriìmù kì í ṣe oúnjẹ nílùú yìí. Kò sí èròjà aṣaralóore kankan nínú ẹ̀. Mo tún un sọ: kò sí! Ẹni tó bá pè é lóúnjẹ, yóò fi ewúrẹ́ kan tanràn.

Èkejì. Wàrà inú ẹ̀ kì í ṣe wàrà mọ́. Ẹ̀pà tó bá já bọ́ sórí ẹ̀ ti kúrò lẹ́gbẹ́ ẹ̀pà. Ẹni tó bá ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ ń fúnni lókun, kó lọ sọ ọ́ nílùú míì.

Ẹ̀kẹta. Ìyá tó bá fi í ṣe oúnjẹ ọ̀sán fọ́mọ, ebi ló fi pa ọmọ náà. Yóò gbálẹ̀ ọjà fóṣù kan. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi kọ́ ni mo jẹ ẹ́.

Níbí yìí ni ọkàn Kábíyèsí balẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lù ú, àfi bíi pé wọ́n ń kánjú lọ síbì kan. Wọn ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò tíì tán.

Nọ́ọ̀sì Ìbírónkẹ́ ló dìde, ẹni tó ń tọ́jú ìtọ̀ súgà tó ń yọ Kábíyèsí lẹ́nu. Ó ti bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n fi nǹkan dídùn sílẹ̀, wọn ò gbọ́. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ní òun fara mọ́ àṣẹ náà tọwọ́ tẹsẹ̀. Ó kàn bi àwọn ìjòyè pé kí ni ohun tí kì í ṣe oúnjẹ ń wá lẹ́nu ọba. Olorì ṣe àmín. Àwọn ìjòyè ní òótọ́ ni, wọ́n fi ọ̀kan kún àṣẹ náà.

Ẹ̀kẹrin nìyí. Ohun tí kì í ṣe oúnjẹ kò gbọdọ̀ kan ẹnu Kábíyèsí mọ́, ní gbangba tàbí ní kọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gbé e wọ ààfin, kó di ẹrù ẹ̀ kúrò nílùú.

Òǹtẹ̀ ti gbẹ. Mo ti jíṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Ẹni tó bá lẹ́jọ́, kó má wá ààfin lónìí o. Àwo ẹ̀fọ́ ló wà níwájú Kábíyèsí, wọn ò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.