Àríwísí Eré Tí N Kò Fojú Rí

Ọ̀sán Sátidé kan wà tí mo ti ń lé kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí ó ti ṣẹlẹ̀, tí kò sì gbà láti lọ. Bí mo bá ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wí pé wọn kò ka ìbéèrè kí wọ́n tó dáhùn, yóò yọ sí mi lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, yóò sì dúró síbẹ̀, yóò máa wò mí. Nítorí náà mo ti pinnu láti kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlòmíràn náà lè bá mi rù ú.

Olùkọ́ ni mí ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Mo gboyè nínú ìmọ̀ lítíréṣọ̀, n kò sì tíì dárí ji ẹnikẹ́ni tí ó bá fi ìwà ọ̀lẹ sọ ìtàn. Ní òpin ọ̀sẹ̀, mo máa ń ṣe àríwísí àwọn eré tẹlifíṣọ̀n láti ilẹ̀ Táílándì, àwọn tí ó dá lórí ìfẹ́ láàárín obìnrin àti obìnrin. Mo ń gba ohùn mi sílẹ̀ lédè Yorùbá, mo sì ń fi í sí ìkànnì kan lórí ayélujára láìdárúkọ ara mi, nítorí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ní àdúgbò wa ni yóò fi ara balẹ̀ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn olùgbọ́ mi kò pọ̀ lọ títí, ṣùgbọ́n wọ́n lẹ́nu, wọ́n sì gbà mí gbọ́. Ohun tí wọ́n mọ̀ mí mọ́ ni pé n kì í ṣe àṣìṣe, n kì í sì í pẹ́: kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ tí eré bá jáde ni àríwísí mi ti ń jáde.

Ohun tí mo ń bá àwọn òǹkọ̀wé eré jà lé lórí kò ṣòro láti lóye. Láti ìgbà pípẹ́, bí obìnrin méjì bá fẹ́ràn ara wọn nínú eré, wọn a pa ọ̀kan kí eré tó parí, tàbí kí wọ́n fi í fún ọkọ ní túláàsì. Ẹni tí kò mọ ohun tí àwọn olólùfẹ́ méjì lè máa bá ara wọn sọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ìgbéyàwó ni ó máa ń sáré wá pósí fún wọn. Mo ti sọ èyí títí ọ̀fun mi fi gbẹ.

Eré tí ó kó mi sí wàhálà yìí dá lórí oníṣègùn eyín kan, tí mo ń pè ní Dókítà, àti obìnrin kan tí ó ń fi ọkọ̀ gbé èrò kọjá odò, tí mo ń pè ní Atukọ̀. Ìfẹ́ wọn dùn mọ́ mi ju bí mo ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nínú apá tí ó ṣáájú ìparí, ìyá Dókítà díbọ́n pé àìsàn ọkàn ń ṣe òun, Dókítà sì fi Atukọ̀ sílẹ̀ láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Dókítà, ẹni tí ó lọ sí yunifásítì, kò fọwọ́ kan ìyá rẹ̀ láyà. Oníṣègùn eyín ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó mọ ibi tí ọkàn wà. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun, àríwísí tí mo ṣe lọ́jọ́ náà kò sì tó mi.

Ní àárọ̀ Sátidé tí apá ìkẹyìn yóò jáde, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìrè-Èkìtì láti gba àríwísí kejì sílẹ̀ lórí apá burúkú yẹn, nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀ kì í jẹ́ kí a gbọ́ ara wa ní àdúgbò tí mo ń gbé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí mo ń pè ní Bàbá, ń dáko níbẹ̀. Ilé Ògún ni ilé wọn, iṣu ni wọ́n sì ń gbìn. Oko kan wà lẹ́yìn ilé tí ó dákẹ́ rọ́rọ́. Mo dé ibẹ̀, mo rí àdá Bàbá tí ó fi gún ara ebè, mo gbé fóònù mi tì í, mo sì bẹ̀rẹ̀.

Mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo tú ìyá Dókítà palẹ̀, mo tú òǹkọ̀wé palẹ̀, mo bi Dókítà fúnra rẹ̀ bóyá eyín nìkan ni ó wà lára ènìyàn. Afẹ́fẹ́ ń gbé ohùn mi lọ, nítorí náà mo ń tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, títí tí ẹnu mi fi dé ibi tí fóònù wà. Mo wá parí rẹ̀ báyìí pé: “Mo búra, ojú mi yìí kò ní rí eré náà mọ́.” Gbogbo olùgbọ́ mi ni ó mọ̀ pé n óò wò ó ní aago méjì ọ̀sán. Bí aṣàríwísí ti ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí mo ti sọ ọ̀rọ̀ tí ó kẹ́yìn, ètè mi kan irin àdá náà.

Ẹnìkan wúkọ́ lẹ́yìn mi. Bàbá ni, ó gbé ọkọ́ lé èjìká.

“Tíṣà.”

Mo kúnlẹ̀. “Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá.”

“Kí lo búra lé lórí?”

“Àríwísí ni, Bàbá. Ọ̀nà tí a ń gbà sọ̀rọ̀ ni.”

“Mo gbọ́ ‘mo búra’. Mo rí ẹnu rẹ lára irin. Èwo ni ọ̀nà tí a ń gbà sọ̀rọ̀ nínú méjèèjì?”

Nígbà tí a wọlé, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún un. Ó ní ó ṣeé tú, kò sì le, ṣùgbọ́n kì í ṣe lónìí. Ó di ọjọ́ tí àwọn àgbà ilé bá pé síwájú Ògún. Mo ní eré náà ń bọ̀ ní aago méjì. Ó ní Ògún kò ní aago. Mo wá dìde dúró, mo sì ṣàlàyé fún un létòlétò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò lè di ìbúra bí kò bá sí ìpinnu ọkàn níbẹ̀. Àlàyé náà dára. Bàbá gbọ́ ọ títí dé òpin.

“O sọ ọ́ dáadáa,” ni ó wí. “Kí lo máa gùn padà sí Ọ̀yẹ́?”

“Ọ̀kadà, Bàbá.”

“Kí ni wọ́n fi ṣe ọ̀kadà?”

Mo jókòó.

Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa láti ìgbà náà. Ọmọ ìdílé Mùsùlùmí láti Ìlúpéjú ni, ó sì máa ń fi ọgbọ́n tú ohun tí ọkọ rẹ̀ bá dì. “Ojú ẹ̀ ló fi búra,” ni ó wí. “Èmi ò búra. Kí n máa wò ó, kí n máa sọ fún un.”

Bàbá rò ó. “Kò sí aburú níbẹ̀. Etí rẹ̀ ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà.”

Bí èmi, ọ̀mọ̀wé, ṣe kọjú sí ògiri nìyẹn ní aago méjì ọ̀sán, bí ọmọ tí wọ́n ń fi ìyà jẹ, tí Bàbá àti Màmá sì jókòó lẹ́yìn mi, tí wọ́n gbé fóònù mi ti agolo mílíìkì.

“Àwọn méjì yìí, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni?” Màmá bi mí.

“Rárá, Màmá. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn ni. Bí ọkọ àti ìyàwó.”

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi nìkan ni mo ń gbọ́. Bàbá ní nígbà tiwọn, wọn kì í gbé irú ọ̀rọ̀ yẹn wá sí gbangba. Lẹ́yìn náà ó ní kí Màmá sún orí kúrò, òun kò ríran.

“Ìyá ẹ̀ ńkọ́?” Màmá tún bi mí.

“Ìyá rẹ̀ kò fẹ́.”

“Ìyá tèmi náà ò fẹ́ Bàbá ẹ yìí. Ó ní kí ni mo fẹ́ wá lọ sí ulé Ògún.”

“Ó kú láìfẹ́ mi,” ni Bàbá wí, bí ẹni tí ń bá wọn fi òǹtẹ̀ lù ú.

Èdè Táílándì ni wọ́n ń sọ, n kò sì gbọ́ ọ. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sáré lábẹ́ àwòrán, ṣùgbọ́n Màmá kò kàwé, Bàbá sì máa ń jẹ́ kí ó kọjá kí ó tó rí dígí rẹ̀ fi sójú. Mo wá gbẹ́kẹ̀ lé ojú Màmá nìkan. Ojú náà ní ohun tí ó wù ú láti wò.

“Wọ́n ń jẹun. Ìrẹsì ni. Ẹja ńlá kan wà láàárín wọn, tòun torí rẹ̀.”

“Kí ni Dókítà ń ṣe?”

“Ó ń bá ìyá ẹ̀ jà. Ẹja yẹn á tó èèyàn mẹ́fà.”

“Màmá, ṣé ó ti mọ̀ pé ìyá òun purọ́?”

“Ó dìde. Wọn ò tíì fọwọ́ kan ẹja náà o.”

Lẹ́yìn èyí ni òjò àti ìjì dé sórí odò. Mo gbọ́ àrá, mo gbọ́ igbe Dókítà. Màmá gbàgbé ẹja, ó ní, “Ó ti já sómi.”

“Ta ni?”

“Ọlọ́kọ̀.”

Ìgbà yẹn gan-an ni nẹ́tíwọ̀kì dúró. Bàbá gbọn fóònù mi bí ẹni ń gbọn ike epo. Nígbà tí ó padà dé, eré ti fo ibìkan kọjá. Mo gbọ́ ohùn ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí ń kéwì kan lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mo sì gbọ́ ẹkún.

“Kí ló ṣẹlẹ̀, Màmá?”

“Jẹ́ kí n wò ó ná.” Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. “Wọ́n wọ̀ ọ́ ní funfun.”

“Atukọ̀?”

“Òun ni. Wọ́n fi òdòdó sí i lọ́rùn, wọ́n fi okùn funfun yí i lórí. Àwọn àlùfáà tó fárí jókòó tò, aṣọ wọn pọ́n bí ọsàn. Wọ́n ń bu omi sí i lọ́wọ́.”

“Ṣé ó ń mira?”

“Kò mira.”

“Dókítà ńkọ́?”

“Ó dojú bolẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá ẹ̀, ó ń sunkún. Ìyá náà ń sunkún. Gbogbo wọn ni.” Ó mí kanlẹ̀. “Funfun làwa náà fi ń sin òkú nílé bàbá mi. Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.”

“Wọ́n ṣe é dáadáa,” ni Bàbá wí. “Èrò pọ̀.”

N kò lè sọ bí ó ti rí lára mi. Wọ́n pa á. Lẹ́yìn gbogbo ìjà mi, wọ́n tún pa ọ̀kan. Mo gba fóònù, mo jáde sí àgbàlá, mo wo ilẹ̀ yíká bóyá irin kan wà nítòsí, mo sì gba àríwísí mi sílẹ̀. Ó wá sí mi lọ́kàn pé mo ti fìgbà kan tú aṣàríwísí ẹlẹgbẹ́ mi síhòòhò nítorí pé kò wo eré parí kí ó tó sọ̀rọ̀. Mo fi ara mi lọ́kàn balẹ̀ pé tèmi yàtọ̀: mo ní ẹlẹ́rìí méjì. Mo pe àwọn òǹkọ̀wé náà ní apànìyàn. Mo ní kí wọ́n wá ṣàlàyé fún gbogbo ọmọbìnrin tí ó ti ń retí láti rí ara rẹ̀ láàyè ní ìparí ìtàn, ìdí tí ó fi jẹ́ pé inú omi ni ó tún ti rí ara rẹ̀. Mo ṣe ìdárò Atukọ̀ pẹ̀lú oríkì. Mo fi ránṣẹ́, mo dágbére, mo gun ọ̀kadà.

Kò sí nẹ́tíwọ̀kì lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo dé Ọ̀yẹ́, fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kò sì dúró. Mo rò pé àwọn ọmọ ogun mi ni wọ́n ti dìde. Olùgbọ́ mi kan láti Ìkọ̀lé, obìnrin kan tí kì í jẹ́ kí nǹkan bọ́ lójú rẹ̀, ni mo kọ́kọ́ kà. Ó kọ ọ́ pé: “Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, ọ̀gá wa. Òkú tí ẹ ń dárò ni ó ń gé kéèkì pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ nínú àwòrán ìsàlẹ̀ yìí. Ṣé kí á bá yín dá àwọn onípósí padà?” Ẹlòmíràn bi mí bóyá mo ti ń ṣàìsàn, ó sì to bí ìparí náà ti rí gan-an sílẹ̀ fún mi. Ẹlòmíràn kàn fi ẹ̀rín ránṣẹ́, ó tún fi ránṣẹ́, ó tún fi ránṣẹ́.

Mo ti fẹ́ tẹ àwòrán náà kí n tó rántí ojú mi. Mo pe Bàbá láti bi í bóyá àwòrán tí kò mira wà nínú ìbúra. Ó ní òun kò tíì rí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rí, ó sì fún Màmá ní fóònù.

“Màmá, ìgbéyàwó ni.”

“Èwo?”

“Èyí tí ẹ rí. Aṣọ funfun, omi, àlùfáà. Bí wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó níbẹ̀ nìyẹn. Wọ́n fà á yọ nínú omi, kò kú.”

“Ìyá ẹ̀ wá gbà?”

“Ó gbà.”

“Ah, mo dúpẹ́. Ọmọ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi látìgbà tóo lọ.” Mo gbọ́ tí ó ń sọ ọ́ fún Bàbá pé ọlọ́kọ̀ kò kú mọ́. Ó padà sórí fóònù. “Kí wá ni wọ́n ń sunkún sí?”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, fún ìgbà àkọ́kọ́, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn olùgbọ́ mi. Mo gbìyànjú láti fi ìbínú tọrọ rẹ̀, kò bá a mu. Wọ́n fi mí ṣẹ̀fẹ̀ títí ẹ̀fẹ̀ fi tán nílẹ̀. Nígbà tí àwọn àgbà ilé pé tí wọ́n sì tú ìbúra náà, Bàbá, Màmá àti èmi jọ wo ìparí eré náà pọ̀. Mo dojú kọ ọ́ gan-an. Nígbà tí ó dé ibi aṣọ funfun, Màmá na ìka sí i, ó ní, “Wò ó, ta ni ò ní pè é ní òkú?” Mo fẹ́ jiyàn, ṣùgbọ́n bí ó ti rí nìyẹn. Mo sì sunkún, n kò lè fi ẹ̀bi rẹ̀ kan ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí ahọ́n mi máa dúró de ojú mi, kí ojú mi sì jẹ́ tèmi. Èyí kò sọ mí di oníwà tútù. Mo ṣì ń bú òǹkọ̀wé tí ó bá yẹ ní bíbú, ṣùgbọ́n mo ń wo eré títí dé orúkọ ẹni tí ó gbé iná fún àwọn òṣèré. N kò pa àríwísí ọjọ́ náà rẹ́, nítorí ìwà ìbẹ̀rù ni ìyẹn yóò jẹ́. Ó ṣì wà lórí ìkànnì mi, òun sì ni wọ́n ń gbọ́ jù nínú gbogbo iṣẹ́ mi. Mo fetí sí i lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó kọ èyí. Ó gún régé. Ìpínrọ̀ tẹ̀lé ìpínrọ̀ bí ó ti yẹ, ìbínú inú rẹ̀ mọ́, ìdárò náà dùn ún gbọ́. N kò tíì sọ̀rọ̀ tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, kò sì ní àbùkù kankan, àfi pé kò sí ẹni tí ó kú. Mo rẹ́rìn-ín, èmi nìkan nínú yàrá mi.