Ìkúnlẹ̀ Adédiwúrà

Ní àárọ̀ Sátidé ìmọ́tótó kan, Màmá Ọláìyá, onílé, kan ilẹ̀kùn Gbénró ní Ìkòsí. Gbénró, tó ń tún fóònù ṣe ní Kétu, ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú ìgò aláìnídérí lọ́wọ́ méjèèjì, ó sì kí i lóòró.

Màmá tẹjú mọ́ ìgò. Láti ọjọ́ tí ewúrẹ́ Shittu, ayálégbé kan, ti jẹ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lórí okùn ló ti ṣòfin pé ẹni tó bá sin ẹran nínú ilé yìí, òun àti ẹran rẹ̀ ni yóò jọ jáde.

“Kí ló wà nínú ìyẹn?”

“Aláǹtakùn ni, Mummy. Adédiwúrà lorúkọ ẹ̀.”

“O ti sọ ọ́ lórúkọ. O ò pè wá.”

Gbénró yára ṣàlàyé pé irú èyí kì í ta òwú sára àjà, fífò ló máa ń fò mọ́ eṣinṣin; pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ẹran sísìn kò lè rí èyí tó rọrùn jù ú lọ, kì í gbó, kì í rùn. Kò sọ pé Adédiwúrà nìkan ló ń yíjú wo òun bí òun bá ti ibi iṣẹ́ dé.

Màmá bẹ̀rẹ̀, ó wo inú ìgò. Adédiwúrà yí sí i. Màmá sún sápá òsì, ó tún yí tẹ̀ lé e.

“Ó ń wò mí lójú.”

Adédiwúrà na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè.

“Ó ń kí yín ni, ma,” ni Gbénró wí.

“Lóòró?”

Adédiwúrà ká ẹsẹ̀ jọ, ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Gbénró mọ ìyẹn dáadáa: bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn bó bá fẹ́ fò.

“Ó kúnlẹ̀,” ni Màmá wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. “Wọ́n kọ́ ọ nílé.”

Ibẹ̀ ni Adédiwúrà ti fò, ó di èjìká Màmá. Gbénró dijú. Nígbà tó máa là á, eṣinṣin tó bà sórí bùbá Màmá ti wà lẹ́nu Adédiwúrà. Màmá wò ó títí ó fi jẹ ẹ́ tán, ó sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìgbálẹ̀ kàn án, kó máa gbé inú ilé yìí lọ.

Gbénró mí kanlẹ̀.

“Ẹ ṣé o, Mummy.”

Màmá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, bó ṣe dúró ṣánṣán.

“Adédiwúrà ni mo ní kó máa gbé. Ìwọ tó ò tíì dọ̀bálẹ̀ látàárọ̀, lọ máa di ẹrù ẹ.”