Fóònù Fadérera Tó Sọ Àwọn Àna Lórúkọ

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta nínú yín ló lè sọ ohun tó fà á tí àwọn àgbà fi ń wí pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́? Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ẹni tó ń sọ ìsọkúsọ ni wọ́n ń bá wí. Ó dáa. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ńkọ́? Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí kì í ṣe imú, tí kì í ṣe etí? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Èmi mọ̀ ọ́n. Fóònù ló dá a sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì bi mí bóyá fóònù wà láyé àwọn àgbà o. Àwọn àgbà tí mò ń sọ, agboolé Aláró ní Ìrágbìjí ni wọ́n wà, ẹni tó dàgbà jù nínú wọn sì ní síìmù méjì.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Fadérera, ìyàwó Ládépò. Onídìrí ni. Abẹ́ igi mángòrò lẹ́yìn ilé ló ti ń ṣiṣẹ́, bí òjò bá sì ti ṣú, oníbàárà á gbé ààbọ̀ orí sá lọ sílé. Ṣọ́ọ̀bù kan wà lójúde agboolé náà, ìyá ọkọ rẹ̀ ló ni ín, ó ṣófo. Kò sí ohun tí Fadérera ń fẹ́ láyé tó ju ṣọ́ọ̀bù yẹn lọ. Àmọ́ Moróunkéjì, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, náà ń fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ gbé fírísà síbẹ̀ kó máa ta ẹja.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ nílẹ̀ yìí, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́ tó bá nílé. Fadérera mọ àṣà yìí dunjú. Àbúrò ọkọ rẹ̀, Adékànmbí, “Akọ̀wé mi” ló ń pè é. Moróunkéjì, “Ìbàdí-Ìlẹ̀kẹ̀” ni. Ìyá ọkọ rẹ̀, “Màmá Olójú-Àánú.” Bó bá ń kí wọn, eékún méjèèjì á kanlẹ̀, ohùn á dùn bí ìrèké. Gbogbo ilé ló ń yìn ín. Ṣùgbọ́n èèyàn ò lè kó gbogbo òótọ́ sínú kó má bẹ́. Inú fóònù ni Fadérera ń kó tirẹ̀ sí. Orúkọ tó bá oníkálukú mu ló fi pa nọ́ńbà wọn mọ́ síbẹ̀. Ta ni yóò rí i?

Àfi ìgbà tó ra fóònù tuntun. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi nípa àwọn fóònù ìsinsìnyí. Wọ́n á to kámẹ́rà mẹ́rin sẹ́yìn rẹ̀ bí ojú aláǹtakùn, bẹ́ẹ̀ a ò ní nǹkan mẹ́rin tá a fẹ́ yà. Wọ́n á ní ó mọ ojú ẹni tó ni ín. Jẹ́ kó o wé gèlè báyìí, á ní òun ò mọ̀ ọ́ rí. Ohun tó wúlò lára fóònù ò pọ̀: kí bátìrì pẹ́, kí tọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, kó má kú bó bá já bọ́. Ṣùgbọ́n ti Fadérera ní nǹkan kan tí mo fọwọ́ sí: bí ẹnì kan bá ti pè, á ké orúkọ ẹni náà síta. Onídìrí tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún ìpara irun láti àárọ̀, kí ló tún ń wá? Fadérera tan ohùn náà, ó gbé e sókè dé òpin, ó ń jẹ̀gbádùn lábẹ́ mángòrò rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú kan, Màmá pe gbogbo ilé sí pálọ̀ pé òun fẹ́ sọ ẹni tí òun máa fún ní ṣọ́ọ̀bù. Fadérera ti kọ́kọ́ wọlé, ó gbálẹ̀, ó nu àga, ó gbọn tìmùtìmù. Ibi tó ti ń gbọn tìmùtìmù ni fóònù ti yọ́ bọ́ níbàdí rẹ̀, tí kò mọ̀. Wọ́n jókòó tán, Màmá wúkọ́, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, Fadérera fọwọ́ ba ìbàdí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

“Kí lò ń wá kiri ara?” ni Màmá bi í.

“Fóònù mi ni mà. Ẹ má dà á rò.”

Adékànmbí, ọmọlúwàbí, ti yọ tirẹ̀. “Ìyàwó wa, fọkàn balẹ̀, jẹ́ n pè é.”

“Akọ̀wé mi, rárá! Ó ti kú!”

Kò tíì pa ẹnu dé tí ohùn kan fi dún lábẹ́ Màmá gan-an, ó ń fimú sọ Yorùbá bí òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé:

“Ajẹran-Ìsàlẹ̀-Ìkòkò ló ń pè. Ajẹran-Ìsàlẹ̀-Ìkòkò ló ń pè.”

Adékànmbí wo ọwọ́ rẹ̀. Ó pa ìpè náà. Ohùn dákẹ́. Ó tún pè. Ohùn tún bẹ̀rẹ̀.

“Èmi nìyẹn?”

Moróunkéjì pàtẹ́wọ́. “Ó bá ọ mu! Ta ló jẹ ẹsẹ̀ adìyẹ tó wà nísàlẹ̀ ìkòkò lọ́dún tó kọjá? Ìyàwó yìí mà gbọ́n o! Ẹ jẹ́ n gbọ́ tèmi.”

“Ìbàdí-Ìlẹ̀kẹ̀, mo fi orí ọkọ mi bẹ̀ yín, ẹ fi í sílẹ̀.”

“Ẹ̀rù kí ló ń bà ọ́? Ṣebí Ìbàdí-Ìlẹ̀kẹ̀ náà ni.” Ó tẹ̀ ẹ́.

“Rédíò-Tí-Kì-í-Kú ló ń pè.”

Ẹ̀rín gbé Adékànmbí ṣubú sórí kápẹ́ẹ̀tì. Moróunkéjì la ẹnu, ọ̀rọ̀ kan ò jáde. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí irú rẹ̀ máa ṣẹlẹ̀ nínú ilé yẹn. Nígbà tí ohùn padà, ó kọjú sí Ládépò. “Ìwọ ọkọ rẹ̀, pè é!”

Ládépò ti jókòó lé fóònù tirẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì níbi tí mo wà.”

“Níbi tó o wà? Ṣé kì í ṣe pálọ̀ kan náà la wà ni?”

Fadérera ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń nawọ́ sábẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀. “Màmá, ẹ sún díẹ̀ mà.”

“Mi ò sún.” Màmá tú etí ìró rẹ̀, ó yọ fóònù kékeré rẹ̀ jáde. “Fadérera, mo ti ń rò ó lọ́kàn mi. Láti ọdún mẹ́ta tó o ti wọlé wa, bí mo bá pè ọ́ lẹ́ẹ̀kan, o kì í gbé e. Bí mo bá pè ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, o kì í gbé e. Mo máa ń sọ fáwọn èèyàn pé iṣẹ́ ló wọ ọmọ mi lọ́rùn.”

Ó tẹ̀ ẹ́.

“Má-Gbé-E-Àfi-Lẹ́ẹ̀kẹta ló ń pè.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Màmá jẹ́ kó dún títí ó fi já. Ó pè lẹ́ẹ̀kejì. Ó tún já. Ó pè lẹ́ẹ̀kẹta, ó wá rọra gbé ìdí sókè.

“Gbé e. Ẹ̀ẹ̀kẹta ti pé.”

Fadérera fà á yọ, ó gbé e sétí. “Ẹ... ẹ káàsán mà.”

“Káàsán, ọmọ mi,” ni Màmá wí sínú fóònù tirẹ̀, eékún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. “Ṣé àlàáfíà lo wà?”

“A dúpẹ́ mà.”

“Ó dáa. Lọ́la, wàá se mọ́ínmọ́ín fún gbogbo agboolé. Iná igi ni o. Mi ò fẹ́ rí gáàsì, mi ò fẹ́ rí abẹ̀bẹ̀. Ẹnu tó sọ wá lórúkọ ni yóò fẹ́ná náà.”

“Ẹ ṣé mà.”

“Ó ku ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù,” ni Màmá wí. Moróunkéjì tún gèlè ṣe, Màmá ń bá ọ̀rọ̀ lọ: “Ẹni tó máa jókòó sí ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ mọ ìwà èèyàn. Adékànmbí, ṣé o kì í jẹran ìsàlẹ̀ ìkòkò ni?”

Adékànmbí ń wo àjà.

“Moróunkéjì, ṣé irọ́ ló pa mọ́ ọ?”

“Màmá, ẹ gbọ́ ná, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, ẹ rí i, láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré, nígbà tí bàbá wa ṣì...”

“Ó tó. Fadérera, wá gba kọ́kọ́rọ́.” Ó sì pa fóònù.

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ kejì, gbogbo igi ló rin gbindin. Fadérera fẹ́ná láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀. Èéfín ló ń dá a lóhùn. Adékànmbí gbé àga síwájú àdògán: “Ìyàwó wa, fẹ́ ẹ dáadáa o, ti ìsàlẹ̀ ìkòkò ò tíì jinná.” Nígbà tí mọ́ínmọ́ín jinná tán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Fadérera ti wú bí ẹni tó fi àgbálùmọ̀ méjì pamọ́ sẹ́nu.

Bó ṣe rí nìyẹn tó fi ṣí ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà àkọ́kọ́ jókòó, ó wò ó nínú dígí, ó figbe ta: “Onídìrí! Eyín ni àbí oyin ló ta ọ́?”

Fadérera ò lè la ẹnu dáadáa. Ó nàka sí fóònù: ẹnu nìyẹn. Ó nàka sí ètè ara rẹ̀. Ó wá fọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, omi lé ròrò sí i lójú.

Oníbàárà yẹn ló gbé ọ̀rọ̀ náà délé, ibẹ̀ sì ni àwọn àgbà ti gbọ́ ọ. Ẹ ó rí i pé nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan ni kò sọ nǹkan kan, òun náà ló sì fẹ́ná. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.