Dókítà Méjì fún Oorun Kan

Oṣù kẹfà ọdún 1972, ní ṣọ́ọ̀bù oògùn kan nítòsí Ìdí-Àràbà. Sàúdátù apoògùn dúró sẹ́yìn káńtà. Ìbíkúnlé, tó ń wa ọkọ̀ búrẹ́dì kiri Múṣin àti Yábàá, wọlé, ó ń yán, ó sì na ìwé dókítà sí i.

ÌBÍKÚNLÉ: Ẹ káàsán o, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Búrẹ́dì wà nínú ọkọ̀ níta.

SÀÚDÁTÙ: Ẹ káàsán, sà. (Ó ka ìwé náà, ó ṣí ìwé gàgàrà kan.) Ẹ dúró ná. Orúkọ yín wà nínú rẹ́jísítà mi.

ÌBÍKÚNLÉ: Rẹ́jísítà? Ta ló fi orúkọ mi sílé ìwé?

SÀÚDÁTÙ: Kì í ṣe tilé ìwé. Ẹni tó bá gba oògùn tó lágbára, ibí ni mò ń kọ ọ́ sí: orúkọ ẹ̀, dókítà ẹ̀, iye hóró, ọjọ́ tó gbà á. Ẹ wò ó, Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó kọjá: Ìbíkúnlé Àkàngbé, ọgbọ̀n hóró.

ÌBÍKÚNLÉ: Ìyẹn, funfun ni, ti dókítà Sùúrùlérè. Eléyìí, búlúù ni, ti dókítà Yábàá. Ó fún mi ní mẹ́rin kí n fi bẹ̀rẹ̀, ó ní kí n wá ra ìyókù.

SÀÚDÁTÙ: Oògùn oorun ni méjèèjì!

ÌBÍKÚNLÉ: Òórùn kẹ̀? Mo ti fi símú, kò rùn rárá.

SÀÚDÁTÙ: Mi ò pe òórùn. Oorun!

ÌBÍKÚNLÉ: Oòrùn? Ó wà níta, ó fẹ́ yan búrẹ́dì mi lẹ́ẹ̀kejì.

SÀÚDÁTÙ: (Ó gbórí lé ọwọ́, ó dijú, ó ń hanrun.) Oorun!

ÌBÍKÚNLÉ: Ó tán! Apoògùn gan-an ti sùn lọ.

SÀÚDÁTÙ: (Ẹ̀rín pa á.) Ẹ gbọ́, sà. Oògùn kan náà ni funfun àti búlúù. Ilé iṣẹ́ méjì ló ṣe wọ́n, orúkọ ló yàtọ̀.

ÌBÍKÚNLÉ: Àbájọ tí wọn ò fi bára wọn jà nínú mi!

SÀÚDÁTÙ: Ṣé ẹ sọ fún dókítà Yábàá pé ẹ ti rí ti Sùúrùlérè?

ÌBÍKÚNLÉ: Kí n wá dá ìjà orogún sílẹ̀?

SÀÚDÁTÙ: Ṣé ẹ wá ń lo méjèèjì pọ̀ ni?

ÌBÍKÚNLÉ: Ọ̀kan fún Sùúrùlérè, ọ̀kan fún Yábàá. Mi ò rẹ́ ẹnì kankan jẹ.

SÀÚDÁTÙ: Ó ń jẹ́ kẹ́ ẹ sùn?

ÌBÍKÚNLÉ: Ìgbà tí ojúmọ́ bá mọ́ ló tó ń ṣiṣẹ́. Láàárọ̀ yìí, lápá Ọ̀yìngbò, mo kàn ṣẹ́jú báyìí ni. Ìgbà tí mo máa lajú, fèrè rélùwéè ló ń dún létí mi. Mo ti wakọ̀ gun ojú irin.

(Sàúdátù rọra gbé bírò sílẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.)

SÀÚDÁTÙ: Ha! Ọlọ́run ló yọ yín.

ÌBÍKÚNLÉ: (Ohùn ẹ̀ wálẹ̀.) Èmi nìkan kọ́. Obìnrin kan pọnmọ, ó ń kọjá níwájú mi. Díẹ̀ báyìí ló kù. Ojú ẹ̀ ni mò ń rí látàárọ̀. Mo ní bóyá oògùn ni ò tíì tó.

SÀÚDÁTÙ: Ó ti pọ̀ jù ni! Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yẹn wá.

ÌBÍKÚNLÉ: Búrẹ́dì ńkọ́?

SÀÚDÁTÙ: Búrẹ́dì lè gan, kò lè kú.

(Ìbíkúnlé gbé kọ́kọ́rọ́ lé káńtà. Sàúdátù pe dókítà Yábàá lórí tẹlifóònù, ó ka ohun tó wà nínú rẹ́jísítà fún un.)

SÀÚDÁTÙ: Dókítà ní òun ò mọ̀ rárá. Ó ní kí n má ta á fún yín. Ẹ má fi hóró kankan kún un lálẹ́ òní, ẹ má wakọ̀, kẹ́ ẹ wá rí òun láàárọ̀ ọ̀la. Ó tún ní kí ló tiẹ̀ gba oorun lójú yín?

ÌBÍKÚNLÉ: Ẹnì kankan ò bi mí rí! Ìyàwó mi ni. Láti Épúrù tí ìjọba ti ní ká fi apá òsì títì sílẹ̀, ká máa wakọ̀ lápá ọ̀tún, ó ní kémi náà fi apá òsì bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, kí ara mi lè tètè mọ̀ ọ́n. Apá ọ̀tún ọ̀hún, ògiri ni. Kò sí atẹ́gùn. Ojú ni mò ń là sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

SÀÚDÁTÙ: (Tẹlifóònù ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀.) Ẹ padà sápá òsì yín lálẹ́ òní, sà!

ÌBÍKÚNLÉ: (Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó sún mọ́ káńtà.) Àǹtí, tí ọlọ́pàá bá ká mi mọ́bẹ̀ ńkọ́?